Balùwẹ̀ òkè ń jò sí pálọ̀ ìsàlẹ̀: ṣé símẹ́ǹtì funfun ti tó?

Ìyá Ìbejì, Sùúrùlérè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. POP pálọ̀ wa ti yí àwọ̀, ó sì ti ń wú, lábẹ́ ibi ìwẹ̀ òkè gan-an. Lẹ́yìn ìwẹ̀, omi a máa dárogún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Táìlà ní ká ṣáà fi símẹ́ǹtì funfun dí àárín táìlì. Ibi ìwẹ̀ náà fẹ̀ ní mítà 1, ó gùn ní mítà 1.5, ihò omi wà láàárín.

Plọ́ńbà Yábàá: Ma, ẹ má wẹ̀ níbẹ̀ fún ọjọ́ 3 ná. Bí POP bá ṣì ń tutù, páìpù tó ń gbé omi wá ni. Bó bá gbẹ, ilẹ̀ tàbí ihò omi ni.

Bíríkìlà Muṣin: Símẹ́ǹtì funfun kì í dá omi dúró, ó ń fà á mu ni. Ohun tó wà lábẹ́ táìlì ló ń gba ilé lọ́wọ́ omi. Ẹ hú gbogbo rẹ̀ dé orí dẹ́kìn. Ẹ fi símẹ́ǹtì ṣíṣàn pa ojú kọnkéré kí ilẹ̀ tuntun lè lẹ̀ mọ́ ọn. Àpòpọ̀ ilẹ̀ náà: símẹ́ǹtì 1, sharp sand 4, omi díẹ̀; tí ẹ bá fún un mọ́wọ́, kó dì bí òkèlè, kó má ro.

Ìdagẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ náà sí ihò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2 ní mítà 1. Igun yín fi sẹ̀ǹtímítà 90 jìnnà sí ihò, torí náà kó fi sẹ̀ǹtímítà 1.8 ga jù ú lọ. Ẹsẹ̀ ògiri yíká gbọ́dọ̀ ga bákan náà. Ibi tó bá rẹlẹ̀ ni omi ń dárogún sí.

Táìlà Ṣómólú: Tó bá gbẹ, ẹ kun waterproofing (ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí omi kọjá) ẹ̀ẹ̀mejì, kí ìkejì dábùú àkọ́kọ́. Ẹ fi aṣọ rẹ̀ di gbogbo igun, kí ẹ kùn ún wọ ẹnu ihò, kó sì gun ògiri kọjá orí ṣáwà. Lẹ́yìn náà, ẹ dí ihò, ẹ rọ omi sí i, ẹ fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ojú omi, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 24. Ẹ má lẹ táìlì kankan ṣáájú èyí!

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé gan-an. Táìlì 60 sí 60 la ti rà o.

Táìlà Ṣómólú: Ẹ lò ó sí ara ògiri. Kò lè tẹ̀lé ìdagẹ̀rẹ̀ ọ̀nà mẹ́rin láìjẹ́ pé wọ́n gé e. Ẹ wá mosaic (táìlì wẹ́wẹ́) 5 sí 5. Kí gọ́ọ̀mù táìlì kún ẹ̀yìn rẹ̀ pátá. Tí wọ́n bá kàn fi gọ́ọ̀mù sí i lójú kan lójú kan, omi á sápamọ́ sábẹ́ rẹ̀, á sì máa rùn.

Ìyá Ìbejì: Tí omi tí a rọ bá wá fà kúrò lójú àmì ńkọ́?

Bíríkìlà Muṣin: Ẹnu ihò ni kí ẹ kọ́kọ́ tún kùn, ma. Ibẹ̀ ló sábà máa ń jò. Kí ẹ sì tún rọ omi sí i fún wákàtí 24 mìíràn.