Màmá mi ò lè rìn kí wọ́n tún máa sọ̀rọ̀ mọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Màmá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó ti pé ẹni ọdún 74. Ara wọn le, wọ́n ṣì ń yan gàrí fúnra wọn. Ṣùgbọ́n tí mo bá bá wọn sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n á kọ́kọ́ dúró kí wọ́n tó dáhùn.

Dókítà ní kì í ṣe àìsàn. Ó ní bí àgbà bá ti ń dé, àwọn fọ́nrán tó so apá ọ̀tún ọpọlọ mọ́ tòsì máa ń dẹ̀, ìrìn lásán á wá máa gba ìrònú. Ó yé mi, àmọ́ ẹ̀rù ọ̀kadà ń bà mí, pàápàá lọ́jọ́ ọjà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àgbà nílé, kí lẹ ṣe? Ṣé kí n ní kí wọ́n fi gàrí yíyan sílẹ̀ ni?