Ṣé ojúlówó iṣẹ́ Charles Jacque ni àwòrán àgùntàn yìí?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa àwòrán àtijọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti tojú sú mi. Mo ra àwòrán kan tó ní àgùntàn mẹ́ta nínú lọ́jà àlòkù ní London, "Ch. Jacque" ló wà nígun ìsàlẹ̀. Ọmọ Faransé ni Jacque (1813–1894), ọ̀kan lára àwọn ayàwòrán abúlé Barbizon nílẹ̀ Faransé, ọ̀gá nínú àgùntàn àti adìẹ yíyà, tó máa ń fín àwòrán sára irin pẹlẹbẹ kó tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà.

Mo ti yọ ọ́ kúrò nínú férémù, mo fi awò amúǹkan-tóbi wò ó: ìlà lásán ni, kò sí tóótòòtó bíi ti ìwé ìròyìn. Àmọ́ etí bébà rí pẹrẹsẹ, kò sí ojú ibi tí irin ti tẹ̀ ẹ́ wọnú. Bóyá wọ́n ti gé e.

Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ló kù tí mo lè fi mọ̀ bóyá irin ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, àbí ẹ̀dà lásán ni?