SSP tán, wọn ò gbé e sórí furlough: kí ló kù fún aláìsàn yìí?

ỌmọÌjẹ̀bú_Deptford · 17 oṣù kọkànlá 2020

Ẹ kú ìfaradà kónílé-ó-gbélé yìí o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ arábìnrin kan tó ń tún yàrá ṣe ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní London ni mo gbé wá. Owó oṣù rẹ̀ jẹ́ £1,500, kì í lọ sókè, kì í wá sílẹ̀. Àìsàn kíndìnrín ò jẹ́ kó lọ síbi iṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé 16 oṣù kẹta, ó sì ń fi ìwé dókítà ránṣẹ́ déédéé. Nígbà tí hòtẹ́ẹ̀lì tilẹ̀kùn, wọ́n kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sórí furlough (ètò tí ìjọba fi ń san apá tó pọ̀ jù nínú owó oṣù ẹni tí iṣẹ́ dúró fún), wọ́n fi òun sílẹ̀ sórí SSP (owó àìsàn tí òfin ní kí agbanisíṣẹ́ san fún ìgbà díẹ̀). Wọ́n ní aláìsàn ò sí nínú ètò yẹn. SSP tán ní 30 oṣù kẹsàn-án, kọ́bọ̀ ò sì wọlé láti ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì lé e lẹ́nu iṣẹ́. Físà rẹ̀ ní "no recourse to public funds" lára, ìyẹn ni pé kò gbọdọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba.

Ṣé òótọ́ ni pé àìsàn yọ ọ́ kúrò? Ṣé ó ṣì lè wọ̀ ọ́? Owó àtẹ̀yìnwá ńkọ́?

Bàbá_Káyọ̀dé

Ilẹ̀kùn yẹn ti tì o. Ẹni tí wọn ò bá tíì gbé sórí furlough ní 10 oṣù kẹfà kò lè wọlé mọ́, torí ó gbọ́dọ̀ ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko lórí rẹ̀ kí oṣù náà tó parí. Universal Credit, owó ìrànwọ́ ìjọba, ló kù, físà náà ò sì gbà á láyè. Ẹ bá mi kí i pẹ̀lẹ́.

Akọ̀wé_Owó_Oṣù

Bàbá, ẹ má bínú, òfin 10 oṣù kẹfà ti bá apá ètò tó parí ní 31 oṣù kẹwàá lọ. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1 oṣù kọkànlá kò béèrè bóyá ènìyàn ti wà lórí furlough rí. Ohun tó ń béèrè ni pé kí òṣìṣẹ́ wà lórí payroll (ìwé owó oṣù ilé iṣẹ́) ní 30 oṣù kẹwàá, kí ilé iṣẹ́ sì ti ròyìn fún HMRC, ẹ̀ka owó orí ìjọba, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín 20 oṣù kẹta sí ọjọ́ náà, pé àwọn sanwó fún un. Inú payroll ni SSP rẹ̀ gbà kọjá, nítorí náà ó yege.

Ní ti àìsàn, mo mọ ibi tí àṣìṣe yẹn ti wá. Ìlànà tó jáde ní ìparí oṣù kẹta ní kí aláìsàn gba SSP ná, kí wọ́n tó gbé e sórí furlough. Nínú oṣù kẹrin ni wọ́n là á yé wa pé bí ilé iṣẹ́ bá ní ìdí òwò, wọ́n lè gbé ẹni tó ń ṣàìsàn bí wọ́n ṣe gbé àwọn yòókù. SSP á kàn dúró lọ́jọ́ náà. Ohun tí kò bófin mu ni kí ènìyàn máa gba méjèèjì pọ̀ fún ọjọ́ kan náà. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ò padà ka ìlànà náà lẹ́ẹ̀kejì. Hòtẹ́ẹ̀lì tí kónílé-ó-gbélé sì tún lé àlejò kúrò níbẹ̀ láti 5 oṣù yìí, ìdí òwò wo ló kù tí wọ́n ń wá?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó yé e dáadáa: agbanisíṣẹ́ ló ń yàn. Kò sí ẹ̀tọ́ tí òṣìṣẹ́ lè fi wọ́ ọ lọ síbẹ̀. Nítorí náà lẹ́tà ló máa ṣiṣẹ́, kó sì jẹ́ lónìí. Àdéhùn furlough tí wọ́n bá kọ lẹ́yìn 13 oṣù kọkànlá kò lè padà sẹ́yìn, ọjọ́ tí wọ́n fi ẹnu kò lé e lórí ló ti bẹ̀rẹ̀. Nínú oṣù ọlọ́gbọ̀n ọjọ́ yìí, £40 ni ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá ń gbé lọ nínú £1,200 tí mo máa ṣírò nísàlẹ̀. Kí ó kọ ímeèlì sí ọ̀gá àti sí ẹ̀ka owó oṣù pọ̀, kó dárúkọ ọjọ́ tí SSP tán, kó sọ pé òun gbà kí wọ́n gbé òun sórí furlough fún ìdí òwò, kó sì ní kí wọ́n dáhùn ní kíkọ sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ tọ́jú àdéhùn náà fún ọdún 5. Iye ọjọ́ tí wọ́n ń béèrè owó fún kò gbọdọ̀ dín ní 7, àsìkò tí wọ́n ní láti béèrè ti oṣù kọkànlá sì máa tán ní 14 oṣù kejìlá.

Ẹ tún ṣọ́ ìṣirò. Ẹ̀rọ payroll máa ń fa owó ìkẹyìn tí ènìyàn gbà jáde, tirẹ̀ sì jẹ́ òdo ní oṣù kẹwàá. Ìyẹn ò tọ̀nà. Ẹni tó ti wà lórí payroll kó tó di 19 oṣù kẹta 2020, owó ìkẹyìn kó tó di ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń lò, ìyẹn oṣù kejì tirẹ̀, tó gbà pé. Ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún £1,500 jẹ́ £1,200. Ká tiẹ̀ ní ẹnì kan ti wà lórí ìsinmi àìsàn nígbà yẹn, owó oṣù rẹ̀ gan-an ni wọ́n máa lò, kì í ṣe SSP. Ẹ fi wé SSP: £95.85 lọ́sẹ̀, bíi £415 lóṣù.

ỌmọÌjẹ̀bú_Deptford

Ẹ ṣeun gan-an. Mo pe ọ̀gá wọn. Ó ní òun ò lówó tí òun máa fi kún un.

Akọ̀wé_Owó_Oṣù

Ẹ ṣírò rẹ̀ fún un. Ìjọba ló ń san £1,200 yẹn pátápátá. Ti agbanisíṣẹ́ ni National Insurance (owó tí wọ́n ń san fún ìjọba lórí owó oṣù) àti pẹ́ńṣọ̀n: ìdá 13.8 lórí ohun tó bá ju £732 lọ, ìyẹn £64.58, ìdá 3 lórí ohun tó bá ju £520 lọ, £20.40, bí ó bá wà nínú pẹ́ńṣọ̀n. Bíi £85 lóṣù. Bí ilé iṣẹ́ náà bá sì ṣì ní Employment Allowance (ẹ̀dínwó National Insurance fún agbanisíṣẹ́) tí wọn ò tíì lò tán, apá National Insurance yẹn lè má ná wọn ní nǹkan kan. Owó ìsinmi ọdún tó ń pọ̀ sí i, yálà ó wà lórí furlough tàbí kò sí níbẹ̀, ó ń pọ̀.

Agbẹjọ́rò_Ìrọ̀lẹ́

Mo fẹ́ fi ti físà àti àtẹ̀yìnwá kún un. Furlough kì í ṣe "public funds", SSP náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi físà dẹ́rù bà á. New Style ESA (owó ìrànwọ́ fún ẹni tí àìsàn ò jẹ́ kó ṣiṣẹ́) náà kò sí lára wọn, torí National Insurance tó ti san ló fi ń gbà á. £74.35 ni lọ́sẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣì ń yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Ọdún owó orí 2017-18 àti 2018-19 ni wọ́n máa wò fún ẹni tó bá béèrè kí ọdún yìí tó parí. Ó lè ní kí wọ́n san án padà sẹ́yìn fún oṣù mẹ́ta, nítorí náà kó béèrè kí oṣù kejìlá tó parí, kó lè bo gbogbo àsìkò láti 1 oṣù kẹwàá. Fọ́ọ̀mù SSP1, ìwé tó sọ pé SSP rẹ̀ ti tán, ni kó gbà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́. Ó ti yẹ kí wọ́n fún un kí SSP tó tán. Bí furlough bá bẹ̀rẹ̀, kó sọ fún DWP, ẹ̀ka ìjọba tó ń san ESA, kíá, kí gbèsè má baà wọlé.

Owó oṣù kẹta sí ìkẹfà kò sí lọ́wọ́ HMRC mọ́. 31 oṣù keje ni wọ́n ti pa ìbéèrè fún àsìkò yẹn dé. Ọ̀nà tó kù ni Equality Act 2010, òfin tó kọ ìyàsọ́tọ̀. Àìsàn kíndìnrín tó bá pé ọdún kan, tàbí tó ṣeé ṣe kó pé bẹ́ẹ̀, tó sì ń dí i lọ́wọ́ gan-an, wà lára ohun tí òfin náà dáàbò bò. Oṣù mẹ́ta ó dín ọjọ́ kan ni àyè Employment Tribunal, ilé ẹjọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́, láti ọjọ́ tí wọ́n kọ̀ fún un, ACAS, àjọ tó ń làjà láàárín òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, ni yóò sì kọ́kọ́ kàn sí. Ti oṣù kẹfà ti kọjá, àfi bí adájọ́ bá fi àánú sún un síwájú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún kọ̀ báyìí, ìkọ̀sílẹ̀ tuntun ni, ọjọ́ tuntun ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó jẹ́ ní kíkọ: ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá sọ lórí fóònù lánàá kò ṣeé mú lọ síwájú adájọ́ bí ìwé.