Ṣé kí n fi bátìrì lithium rọ́pò bátìrì kékeré inú ọkọ̀ oníná mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Manchester ni mo ń gbé, Nissan Leaf ọdún 2018 ni mo ń wà. Bátìrì kékeré onífólítì 12 tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ti gbó. Bí òtútù bá mú, iná dáṣíbọọ̀dù á máa ṣẹ́jú, ọkọ̀ ò ní fẹ́ jí, bẹ́ẹ̀ bátìrì ńlá tó ń mú ọkọ̀ rìn kún dáadáa.

Mo rí LiFePO4, irú bátìrì lithium kan, tí wọ́n ń tà dípò bátìrì alásíìdì. Ó fúyẹ́, ó sì máa ń pẹ́, àmọ́ owó rẹ̀ ga. Òtútù ló ń kọ mí lóminú jù, torí kò dáa ká máa cháàjì irú rẹ̀ tí ojú ọjọ́ bá ti lọ sábẹ́ òdo, ìta gbangba sì ni ọkọ̀ mi ń sùn. Bí BMS, ẹ̀rọ kékeré inú rẹ̀ tó ń dáàbò bo bátìrì, bá kọ̀ láti gba iná, ṣé ọkọ̀ á jí láàárọ̀? Lóòótọ́, Tesla bẹ̀rẹ̀ sí í lo lithium fún bátìrì kékeré ọkọ̀ wọn lọ́dún 2021, ṣùgbọ́n wọ́n ṣètò cháàjì tiwọn fún un ni. Alásíìdì ni wọ́n ṣe tèmi fún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lò ó nígbà òtútù, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ó tó owó tẹ́ ẹ ná? Àbí kí n kúkú ra AGM, irú bátìrì alásíìdì tí wọ́n dí pa?