Mo fẹ́ mú Dádì lọ síbi tí ọkọ̀ òkun Aureol já wọn sí ní Liverpool, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Dádì mi dé láti Ìbàdàn ní Sátidé, ọdún yìí ni wọ́n pé 82, nǹkan kan ṣoṣo tí wọ́n sì ń bèèrè lọ́wọ́ mi ni pé kí n mú wọn lọ sí Liverpool, torí ọkọ̀ Aureol ni wọ́n wọ̀ wá kàwé ní 1964, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Luton là ń gbé, n ò dé ọ̀hún rí, orúnkún sì ń dà wọ́n láàmú. Kí ló yẹ kí n mọ̀ ká tó gbéra?

Ìyá Tóbi, Manchester: Ẹ kú àlejò Bàbá o. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́, Maritime Museum àti International Slavery Museum tó wà ní Royal Albert Dock, èbúté àtijọ́ kan ní Liverpool, wọ́n ti tì wọ́n láti January 2025 torí àtúnṣe ńlá, 2028 ni wọ́n fojú sí pé àwọn máa ṣí i padà. Èmi ò wádìí kí n tó lọ, mo kó ọmọ mẹ́ta dání nínú òjò, ilẹ̀kùn títì la bá. Ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyẹn jókòó sílé, dọ́ọ̀kì yẹn fúnra ẹ̀ tó wò. 1846 ni wọ́n ṣí i, Jesse Hartley ló kọ́ ọ, irin, bíríkì àti òkúta ló fi gbé gbogbo ẹ̀ ró, kò fi pákó sí i, torí iná máa ń jó ilé ẹrù wọn láyé ìgbà yẹn. Àwọn òpó irin pupa wà létí omi, èmi àti àkọ́bí mi na ọwọ́ yí ọ̀kan ká, ọwọ́ wa ò ká a. Tí Bàbá bá máa lo wheelchair, òkúta tí wọ́n tò sílẹ̀ níbẹ̀ á máa gbọ̀n wọ́n jìgìjìgì o, ẹ gba ẹ̀bá odò, ọ̀nà ibẹ̀ tẹ́jú. Ẹ bo etí wọn dáadáa, atẹ́gùn odò Mersey kì í mọ àgbà.

Gbénga, Birkenhead: Ẹ̀gbọ́n, Albert Dock kọ́ ni Aureol ń já èrò sí o. Prince's Landing Stage ni, pèpéle ńlá tó ń léfòó, torí omi Mersey máa ń kún máa ń fà gan-an. Wọ́n ti wó o tipẹ́. Ibùdó réluwéè Riverside wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, téèyàn bá ti bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, réluwéè ló kàn, ó di ibùdó Euston ní London. 1971 ni wọ́n ti Riverside pa, ọdún kejì ẹ̀ Aureol kó lọ sí Southampton. Tẹ́ ẹ bá dé Pier Head, etí odò Mersey níbẹ̀, ẹ kọjú sódò, kẹ́ ẹ rìn lọ sápá ọ̀tún, ibi tí àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá ń dúró sí báyìí, àdúgbò ibẹ̀ náà ni. Ilé gíga Liver Building tí ère ẹyẹ méjì wà lórí ẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti 1911, Bàbá á dá a mọ̀ kẹ́ ẹ tó lanu.

Àǹtí Bísí: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà sí Canning Graving Docks, òdìkejì Albert Dock ló wà. Àwọn kòtò gígùn olókùúta wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tún ọkọ̀ tó ń kó ẹrú ṣe. Ọkọ̀ Liverpool kó tó mílíọ̀nù kan àbọ̀ èèyàn kí wọ́n tó fòfin de òwò ẹrú ní 1807, Bonny àti Calabar ni wọ́n ti kó púpọ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni òwò wọn wá di epo pupa, òun ni wọ́n ń fi ṣe ọṣẹ. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fáwọn ọmọ mi létí kòtò yẹn. Fún ti réluwéè, wákàtí méjì ó lé díẹ̀ ni láti Euston, ẹ pe àwọn òṣìṣẹ́ réluwéè ṣáájú pé àgbàlagbà ń bọ̀, wọ́n á gbé ramp tí wọ́n fi ń wọ réluwéè wá fún Bàbá, ọ̀fẹ́ ni.

Èmi tí mo bèèrè rèé o, a ti lọ a ti bọ̀, ẹ ṣé gan-an ni. Ibi tí Gbénga júwe la dúró sí. Dádì ò sọ̀rọ̀ fún bíi ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n kàn ń wo àwọn ẹyẹ yẹn, ló bá di pé wọ́n na ọ̀pá sódò, wọ́n ní ibẹ̀ ni atẹ́gùn ti gbé fìlà ọ̀rẹ́ wọn sómi, tí ọ̀rẹ́ wọn di pótímáńtò mú tó ń sunkún torí bàbá ẹ̀ ló fún un ní fìlà ọ̀hún. N ò gbọ́ ìtàn yìí rí láyé mi. Mo ti gba ohùn wọn sórí fóònù. Ní báyìí wọ́n ní Southampton ló kàn, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti wọ Aureol padà sílé ní 1973. Ẹni tó bá mọ ọ̀hún, ẹ bá mi dá sí i.