Ṣé kí n ṣẹ́ gbèsè kù lórí káàdì kí credit score mi lè gòkè ni?

Àbíkẹ́84: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ káàdì yìí ti tojú sú mi. Amẹ́ríkà ni mo wà, káàdì tí wọ́n fi ń yáni lówó (credit card) kan ṣoṣo ni mo ní, 1,000 dọ́là ni wọ́n ní kí n má ná kọjá lórí ẹ̀. Mo máa ń ná bíi 800 lóṣù, tí bíìlì bá ti dé mo máa ń san gbogbo ẹ̀, mi ò jẹ wọ́n ní kọ́bọ̀, síbẹ̀ credit score mi, ìyẹn máàkì tí báńkì fi ń mọ̀ bóyá èèyàn máa ń san gbèsè dáadáa, ò kúrò lójú kan. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wá ní kí n má máa san án tán, kí n máa ṣẹ́ díẹ̀ kù kí báńkì lè mọ̀ pé mò ń lò ó. Ṣé òótọ́ ni?

Bàbá_Ìṣirò: Irọ́ ni o! Ẹ má dá a lóhùn rárá. Èyí tẹ́ ẹ bá ṣẹ́ kù, èlé ni wọ́n máa gbà lórí ẹ̀, kò sì ní fi nǹkan kan kún score. Ọjọ́ méjì ló wà lórí káàdì: ọjọ́ tí statement, ìyẹn bíìlì oṣù, ń jáde, àtọjọ́ tówó gbọ́dọ̀ wọlé, òfin 2009 ní kó tó 21 ọjọ́ láàárín méjèèjì. Iye tó bá wà lórí statement yẹn ni ọ̀pọ̀ báńkì ń fi ránṣẹ́ sí Equifax, Experian àti TransUnion, àwọn iléeṣẹ́ tó ń kọ ọ̀rọ̀ gbèsè àwọn èèyàn sílẹ̀. Ṣẹ́ ẹ ti rí i báyìí? Bẹ́ ẹ tiẹ̀ san gbogbo ẹ̀ lẹ́yìn náà, 800 nínú 1,000 ni wọ́n ti rí, 80% nìyẹn, lójú tiwọn ẹni tówó há mọ́ lọ́wọ́ ni. Ẹ san 700 kí statement tó jáde, kí 100 nìkan hàn, tí bíìlì bá dé ẹ san 100 náà. Iye owó kan náà lẹ máa san, ọjọ́ la kàn sún síwájú.

Ìyá_Ìbejì: Bàbá ti sọ ọ́ tán jàre. Nínú FICO, ìyẹn credit score tí ọ̀pọ̀ báńkì ń lò, iye téèyàn jẹ kó 30%, àmọ́ sísanwó lásìkò ló kó 35%, torí náà ẹ jẹ́ kí báńkì máa yọ ó kéré tán owó tó kéré jù tí wọ́n ní kẹ́ ẹ san lóṣù fúnra wọn, ẹ jọ̀ọ́, torí tẹ́ ẹ bá fi pẹ́ ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, ọdún méje ló máa wà nínú àkọsílẹ̀ gbèsè yín. Ẹ sì lè ní kí wọ́n fi kún iye tẹ́ ẹ lè ná, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá wọ́n máa yẹ̀ yín wò lọ́nà tó máa já score wálẹ̀.

Àbíkẹ́84: Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin àgbà. Tó bá wá jẹ́ 0 ló hàn ńkọ́? Àti pé ṣé 80% ti àtẹ̀yìnwá máa bá mi jà títí ni?

Bàbá_Ìṣirò: 0 ò burú, ó lè yọ pọ́ńtì díẹ̀ ni, ìdí tí mo fi ní kí 100 hàn nìyẹn. Ti àtẹ̀yìnwá, FICO 8, irú FICO tí ọ̀pọ̀ báńkì ṣì ń lò, iye tó wà lórí káàdì lọ́wọ́lọ́wọ́ ló ń wò, tí báńkì bá ti fi iye tuntun ránṣẹ́, tàtijọ́ ti lọ nìyẹn. FICO 10T, irú tó dé lẹ́yìn ẹ̀, ló ń wo ẹ̀yìn tó bí oṣù 24, torí ẹ̀ ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí statement tó ń bọ̀ yìí.