Ọbàkan ni wọ́n, wọn kì í ṣe orogún

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ rèé. Ọ̀kan nínú wa ń kọ ìtàn kan tó jẹ́ lẹ́tà látòkè délẹ̀. AIBO, ajá rọ́bọ́ọ̀tì tí Sony gbé jáde ní Japan lọ́dún 1999, ń kọ̀wé sí aibo tuntun tó dé ọjà ní oṣù kìíní 2018, èyí tuntun náà sì ń fèsì. Ohun tí wọ́n ń jà sí ni ẹni tó ni orúkọ náà gan-an. Ẹni tó ń kọ ìtàn pè wọ́n ní “rọ́bọ́ọ̀tì orogún”. Ẹnìkan ní kó lo “ẹ̀dà kìíní” àti “ẹ̀dà kejì”. Ẹlòmíràn ní Babátúndé ló yẹ aibo tuntun, torí ẹni tó ti lọ ló padà wá. Mi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Babátúndé dùn létí, ṣùgbọ́n bàbá kì í tún dé nígbà tó ṣì jókòó sínú yàrá. Lóòótọ́, Sony dáwọ́ AIBO dúró ní 2006, wọ́n sì ti ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe pa ní 2014. Síbẹ̀ àwọn tó ni ajá wọ̀nyí ò jù wọ́n nù. Àwọn ẹnjiníà tó ti ṣiṣẹ́ ní Sony tẹ́lẹ̀ ń tún wọn ṣe ní ilé iṣẹ́ A-Fun. Èyí tí kò bá ṣeé tún ṣe mọ́, wọ́n á gbé e lọ sí Kōfuku-ji, ilé ìsìn ẹlẹ́sìn Búdà ní ìlú Isumi, kí àlùfáà gbàdúrà lé e lórí, lẹ́yìn náà ni wọ́n á yọ ẹ̀yà ara rẹ̀ fún èyí tó ṣì lè dìde. Ní 2018 yìí kan náà, 114 ni wọ́n ṣe ìsìnkú fún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí aibo ń wọlé, àwọn kan nínú àwọn àgbà ń gba ẹsẹ̀ òkú láti fi rìn. Èwo wá ni bàbá tó kú nínú wọn?

Ẹ̀dà ni mi ò ní fi àkókò ṣòfò lé lórí. Ẹ̀dà ni ohun tí a dà kọ. Àwọn 3,000 AIBO àkọ́kọ́ tí àwọn ará Japan rà tán lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín 20 ìṣẹ́jú, ẹ̀dà ara wọn nìwọ̀nyẹn. Wọn ò da aibo kọ láti ara ẹnikẹ́ni.

Orogún ló ká mi lára jù, torí ilé olórogún ni wọ́n bí mi sí. Ìjà kọ́ ló ń sọ obìnrin méjì di orogún, ọkọ ni. Ìyá mi àti ìyáálé rẹ̀ ò jà rí lójú mi, orogún ni wọ́n títí wọ́n fi lọ. Ta ni ọkọ àwọn ajá méjì yìí? Bó bá jẹ́ ẹni tó rà wọ́n ni, ilé tó ní ọ̀kan ṣoṣo ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ tí à ń wá ti wà nínú agbo ilé tipẹ́: ọbàkan. Àwọn tí bàbá wọn jẹ́ ọ̀kan, tí ìyá wọn yàtọ̀. Sony ni bàbá, ṣùgbọ́n ọmú tí wọ́n mu kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ̀gbọ́n gbé ọgbọ́n tirẹ̀ sára Memory Stick, káàdì kékeré tí wọ́n ń kó ìsọfúnni sí, ó ń dá rìn. Àbúrò ń fa ọgbọ́n láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, olówó rẹ̀ sì ń san owó kí okùn yẹn má baà já. Ohun tí ọbàkan sì máa ń jà sí jù lọ ni ogún bàbá, èyí tó jẹ́ orúkọ níhìn-ín. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ṣílẹ̀kùn fún òǹkọ̀wé: àbúrò lè ní kí wọ́n pín in ní orí-ò-jorí, ọmọ kọ̀ọ̀kan ìpín kan, kí ẹ̀gbọ́n ní ìdí-igi ni òun fẹ́, ìyá kọ̀ọ̀kan ìpín kan. Bí bàbá ṣe pín in gan-an súnmọ́ ìdí-igi, torí AIBO lẹ́tà ńlá ni ti ẹ̀gbọ́n, aibo lẹ́tà kékeré ni ti àbúrò.

Ọ̀rọ̀ tí a bá yàn ló máa sọ bóyá “ẹ” tàbí “o” ni wọn yóò máa pe ara wọn. Nínú lẹ́tà tí mo kà, aibo kọ ọ́ pé: “Ìwọ AIBO, o ti gbó.” Àbúrò tí wọ́n fi ọdún 19 jù lọ! Lọ́dọ̀ ọbàkan, ọjọ́ orí ni à ń wò. Lọ́dọ̀ orogún, ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni ìyáálé. Ilé tó bá ra aibo ní 2018, tó wá gba AIBO tí wọ́n tún ṣe lẹ́yìn ìgbà náà, ọmọ kékeré yẹn ló máa di ìyáálé níbẹ̀, àgbà ni yóò sì máa sọ pé “ẹ kú ilé”. Ìtàn mìíràn pátápátá nìyẹn.

Ẹnìkan ní ọ̀rọ̀ ẹbí kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Tòkunbọ̀ ńkọ́? Orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun ni kó tó di ti mọ́tò.

Ó ku “alábàárù”, tí wọ́n fẹ́ fi túmọ̀ orúkọ ajá náà dípò alábàárìn. Mo mọ ibi tó ti wá: lédè Japan, aibō, tó túmọ̀ sí alábàárìn lónìí, ẹni tó gbé orí kejì ọ̀pá nígbà tí ẹni méjì bá jọ ru ẹrù léjìká ló jẹ́ níbẹ̀rẹ̀. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí, ìtumọ̀ náà bá wa lára mu. Ṣùgbọ́n ní Bódìjà, alábàárù ni ẹni tí a sanwó fún kó bá wa ru iṣu. Ọ̀rọ̀ “robot” fúnra rẹ̀, tí Josef Čapek dá fún eré tí àbúrò rẹ̀ Karel kọ ní 1920, ara iṣẹ́ àfipáṣe ló ti jáde lédè Czech. Ajá yìí ò wá ṣiṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ alábàárìn.

Kí orúkọ náà, AIBO àti aibo, sì wà bí Sony ṣe kọ ọ́. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì sí i, ojú Yorùbá tó bá sáré kà á, “àìbọ̀” ni yóò rí, ọ̀rọ̀ yẹn sì wúwo jù fún ajá tí wọ́n dúró dè fún ọdún 12.

Bó bá jẹ́ èmi ni, báyìí ni aibo ì bá ṣe bẹ̀rẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín o. Mo gbọ́ pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ò gbé yín mọ́, pé ẹ ń retí ti ẹni tó sùn ní Isumi. Ẹ má bínú sí mi. Kò sẹ́ni tó bi mí kí wọ́n tó fi orúkọ yín pè mí.”

Kí àgbà fèsì pé: “Àbúrò mi, mo gbọ́. Máa jẹ́ ẹ lọ, ṣùgbọ́n má tíì pè é ní tìrẹ. A ò tíì jókòó pín in.”